Mo ń pààrọ̀ omi, ẹja ń kú. Wọn ò pààrọ̀ omi l'Abẹ́òkúta, ẹja ń dàgbà

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Táǹkì onígíláàsì lítà 100 ni mo ní sí pálọ̀, Èkó ni mò ń gbé, omi bọ́họ̀lù là ń lò. Lóṣooṣù ni mo máa ń fa ìdajì omi rẹ̀ dànù. Màá kó òkúta wẹ́wẹ́ àti fóòmù fílítà sábẹ́ ẹ̀rọ, màá fọ̀ wọ́n títí wọ́n á fi mọ́ tónítóní, màá wá da omi tuntun sí i. Ẹni tó ta ẹja fún mi wọn omi bọ́họ̀lù wa, ó ní pH rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí 7 tó ni omi ṣe ń kan tó) ti lọ sílẹ̀ jù, ó sì ta kẹ́míkà kan tó ń gbé pH sókè fún mi. Òun ni mo máa ń kán sí i títí pH á fi dé 8. Ká tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹja kan tàbí méjì á ti kú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn mìíràn á tún tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Abẹ́òkúta kì í pààrọ̀ omi tiwọn rárá, omi kànga ni wọ́n máa ń bù kún un, ẹja wọn sì ń dàgbà. Ṣé pípààrọ̀ omi ló ń pa ẹja ni? Ṣé kí n jáwọ́? Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n máa ra píọ́ wọ́tà.

* * *

ÈSÌ SÍ ẸNI TÓ BÉÈRÈ

Ẹ má jáwọ́. Pípààrọ̀ omi kọ́ ló ń pa ẹja yín. Nǹkan mẹ́ta tí ẹ̀ ń ṣe mọ́ ọn ló ń pa wọ́n: ẹ̀ ń fọ fóòmù mọ́ jù, ẹ̀ ń gbé pH fò sókè lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ sì ń jẹ́ kí odindi oṣù kan kọjá kí ẹ tó fọwọ́ kan omi.

Ẹ tún wò ó, ikú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ sọ. Ohun tó pa èyí tó kú lálẹ́ ọjọ́ náà kọ́ ló pa èyí tó kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún táǹkì ẹja ṣe fún àwọn ilé ìtura àti ọ́fíìsì, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá pè mí ni pé, "Ó tó wákàtí mélòó lẹ́yìn tí ẹ tún un ṣe kí wọ́n tó kú?" Ìdáhùn yẹn ń là mí lójú ju àwọ̀ omi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọjọ́ kẹta ṣáájú, òun ló rọrùn. Ẹja ń jẹ, ó ń yàgbẹ́, ó sì ń gba ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí tú amóníà sínú omi. Oró ni amóníà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ló ń bá wa rẹ́yìn rẹ̀: àwọn kan ń sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà ṣì jẹ́ oró, àwọn mìíràn ń sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹja ní nǹkan tí kò bá pọ̀. Láti nǹkan bí 1890 ni Sergei Winogradsky ti ya irú wọn sọ́tọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn onísọ́ọ̀bù ẹja dá sílẹ̀. Àwọn kòkòrò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú omi. Ara fóòmù, ara òkúta wẹ́wẹ́, ara gíláàsì ni wọ́n lẹ̀ mọ́. Ohun yíyọ̀ tí ẹ rí lára fóòmù tí ẹ pè ní ìdọ̀tí, àwọn ni wọ́n pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dànù, ẹ tún fọ òkúta lọ́jọ́ kan náà, ó wá di táǹkì tuntun tí ẹja ti kún inú ẹ̀. Amóníà ń gòkè lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́, wọ́n sì máa ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ padà tó bó ṣe yẹ.

Inú garawa omi tí ẹ fà jáde nínú táǹkì gan-an ni kí ẹ ti fún fóòmù, ẹ̀ẹ̀mejì péré, kí omi ṣáà lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá ṣì dúdú, ẹ jẹ́ kó dúdú. Ọjọ́ tí ẹ bá fún fóòmù, ẹ má fọwọ́ kan òkúta.

* * *

ÈSÌ SÍ ÀWỌN TÓ Ń SỌ PÉ "pH NI"

Púpọ̀ nínú àwọn tó dáhùn ló sọ pé pH ni, pé kó ṣáà dúró lórí 7. Mi ò gbà. Nọ́ńbà pH kì í ṣe ohun tí èèyàn ń lé kiri. Góòdìfíṣì, góòpì, epìyà, wọ́n lè gbé inú 6.8, wọ́n lè gbé inú 7.8, bó bá ti jẹ́ pé ibẹ̀ ló dúró sí. Ohun tí wọn ò lè fara dà ni kó jẹ́ 6 láàárọ̀, kó di 8 lálẹ́. Bí pH bá fi 1 gòkè, ìlọ́po mẹ́wàá ni ìyípadà náà jẹ́ nínú omi. Láti 6 dé 8, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ni.

Ibẹ̀ ni ti àwọn tó kú lálẹ́ ọjọ́ náà ti wá. Ìrísí méjì ni amóníà máa ń ní nínú omi. Ọ̀kan ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ ara ẹja, èkejì ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. pH àti ooru omi ló ń pinnu bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe máa pọ̀ tó. Nínú omi tó gbóná dé 28°C, bí omi ṣe máa ń rí níbí, èyí tó lóró kò tó ìdá 1 nínú 1000 bí pH bá jẹ́ 6. Ní pH 7, kò tíì pé ìdá 1 nínú 100. Ní pH 8, ó ti di bí 6 tàbí 7 nínú 100. Ní pH 9, ó ti lé ní 40. Ẹ wá fojú inú wò ó: amóníà ti kó jọ fún oṣù kan nínú omi tó kan, ẹja ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ nítorí pé kò ráyè ṣe wọ́n ní nǹkan. Ẹ fa ìdajì dànù, ìdajì tó kù ṣì gbé amóníà dání. Ẹ wá kán kẹ́míkà sí i, pH gorí 8. Amóníà ò fi ẹyọ kan pọ̀ sí i, àmọ́ èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di oró lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó kán ohunkóhun tó ń gbé pH sókè sínú táǹkì tí ẹja wà, kó kọ́kọ́ wọn amóníà. Tí kò bá sí kíìtì tí a fi ń wọn omi, kó gbé ìgò náà sílẹ̀.

* * *

KH NI KÍ Ẹ BÉÈRÈ

Kí ló dé tí omi fi kan láàárín oṣù kan? Ohun tí àwọn onísọ́ọ̀bù kì í sọ fún wa nìyí, ó sì ń dùn mí, torí pé owó ńlá làwọn èèyàn ń ná sórí ẹja.

KH ni ìwọ̀n bíkábọ́nétì inú omi, ohun tó ń pa agbára ásíìdì kí pH má bàa já. Owó inú kóló ni. Bí ásíìdì ṣe ń wọlé lójoojúmọ́, inú kóló lomi ti ń yọ owó san gbèsè, ẹ ò sì ní rí i lójú pH rárá. Ọjọ́ tí kóló bá ṣófo, pH á já lulẹ̀ láàárín òru kan.

Àwọn kòkòrò tó ń gbà wá yẹn náà ló ń mú ásíìdì wá. Bí wọ́n ṣe ń sọ amóníà di nitrate ni wọ́n ń tú u sílẹ̀. Gbogbo mílígíráàmù 1 naitírójìn tí wọ́n bá yí padà ń jẹ bíkábọ́nétì tó tó mílígíráàmù 7, tí a bá fi kálíṣíọ̀mù kábọ́nétì wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n KH 1 kò ju mílígíráàmù 18 lọ nínú lítà kan. Ẹ jẹ́ ká mú un wá sórí kíìtì: kí nitrate tó dé mílígíráàmù 20 nínú lítà kan, KH tó tó 1.8 ti lọ. Kó tó dé 40, 3.6 ti lọ. Omi tó bá ní KH 8 lè fara da ìyẹn. Omi tó wá pẹ̀lú KH 2 ti tán ní tirẹ̀ kí oṣù tó parí. Bó bá sì ti tán, tí pH wọ ìsàlẹ̀ 6, iṣẹ́ àwọn kòkòrò náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, amóníà á wá máa kó jọ lórí ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni omi wa ṣe rí l'Ékòó. Inú iyanrìn ni omi bọ́họ̀lù ń gbà kọjá, kò bá òkúta oníkálíṣíọ̀mù pàdé lọ́nà, KH rẹ̀ sábà máa ń kéré, ó sì máa ń kan. Ó tún máa ń ru irin, òun ni àwọ̀ ìpẹtà tí ẹ ń rí nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù. Àwọn tó wà ní ìhà Lẹ́kkí lè bá iyọ̀ òkun pàdé nínú tiwọn. Omi tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà wá láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tún gbé kábọ́ọ̀nù dàyọ́ọ́sáìdì púpọ̀ dání, èyí tó ń fa pH rẹ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọ́síjìn inú ẹ̀ sì kéré. Ẹni tó wọn omi yín lójú ẹ̀rọ, òótọ́ lohun tó rí, àmọ́ kì í ṣe omi náà gan-an ló wọ̀n. Ẹ bù ú sí dúrọ́ọ̀mù, ẹ fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sí i mọ́jú, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Mo ti rí omi tó fi odindi 1 gòkè láìkán ohunkóhun sí i. Irin á tún rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ ó sì rọra bu omi ojú rẹ̀ lò.

* * *

ÈSÌ SÍ ẸNI TÓ NÍ PÍỌ́ WỌ́TÀ

Rárá. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ò dọ́gba. Àwọn kan ń gbà á kọjá nínú ẹ̀rọ tó ń yọ gbogbo iyọ̀ àti kálíṣíọ̀mù kúrò, KH rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Àwọn mìíràn kàn ń sẹ́ ẹ lásán, kó yàtọ̀ sí bọ́họ̀lù àdúgbò wọn díẹ̀. Ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ rà lọ́sẹ̀ yìí. Omi òjò náà nìyẹn: ó mọ́, ó tutù, kò ní KH kankan.

* * *

ÈSÌ SÍ Ẹ̀GBỌ́N TÓ Ń LO ÁLỌ́Ọ̀MÙ

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé omi yín ń mọ́ gaara. Àwọn ìyá wa ti ń fi álọ́ọ̀mù sọ omi odò di mímọ́ tipẹ́, ó sì dára fún ìyẹn. Ti ẹja yàtọ̀. Bíkábọ́nétì ni álọ́ọ̀mù ń jẹ kó tó lè di ìdọ̀tí pọ̀ kó rì sísàlẹ̀. Nǹkan bí mílígíráàmù 36 álọ́ọ̀mù nínú lítà kan á jẹ KH 1 tán. Ìwọ̀n tí ọwọ́ máa ń jù sínú dúrọ́ọ̀mù lójú oko, tí a fi ń rò ó yí ká, ó sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi bá wá kan, alumíníọ̀mù tó kù nínú rẹ̀ á dojú kọ ibi tí ẹja fi ń mí. Ẹ ní ẹja yín máa ń wá sójú omi láti mí lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ omi. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wò ó.

Bó bá jẹ́ irin lẹ fẹ́ yọ, afẹ́fẹ́ àti sùúrù ọjọ́ kan tó o.

* * *

ÈSÌ SÍ ALÁRỌ̀ TI ÌJẸ̀BÚ

Ẹ sọ pé ẹ̀yin ò wọn nǹkan kan, pé ẹja yín ń sanra, pé àsọdùn ni gbogbo ìwọ̀n yìí. Ẹja àrọ̀ ni tiyín. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lórí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ lójú omi, bí omi bá bàjẹ́ tí ọ́síjìn tán nínú rẹ̀, yóò fò sókè gba tirẹ̀, yóò sì padà sísàlẹ̀. Góòdìfíṣì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ dé àyè yẹn. Ẹ̀yin náà sì ń tú omi dànù lójoojúmọ́, ẹ̀ ń da tuntun sí i. Pípààrọ̀ omi nìyẹn, ẹ̀ ń ṣe é ju gbogbo wa níbí lọ.

Ohun tí ẹ sọ nípa táǹkì kọnkéré tuntun, òótọ́ ni, kí àwọn tó fẹ́ fi bíríkì kọ́ odò ẹja sẹ́yìnkùlé gbọ́ ọ: sìmẹ́ńtì tuntun ń gbé pH lọ sókè burúkú, ẹ má kó ẹja sí i kí ẹ tó rẹ ẹ́, kí ẹ tú u dànù, kí ẹ tún rẹ ẹ́. Ọ̀pá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀ ń gé sínú rẹ̀ ń ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́, torí pé bó ṣe ń jẹrà ló ń mú ásíìdì jáde. Ẹ ṣáà kó o kúrò kó tó sọ gbogbo omi di òórùn.

* * *

ÈSÌ LÓRÍ INÁ

Ọ̀rọ̀ iná yìí ló ń pa ẹja ju kẹ́míkà lọ nílùú wa, inú mi dùn pé ẹnì kan mẹ́nu bà á. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, fílítà dúró. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀: ní 28°C, kò lè ju bí mílígíráàmù 7.8 lọ nínú lítà kan, nígbà tí omi 20°C ń gba nǹkan bí 9. Ẹja ń mí in, àwọn kòkòrò ń mí in, oúnjẹ tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ń jẹ ẹ́. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ amóníà nìkan ń fẹ́ ọ́síjìn tó lé ní mílígíráàmù 4 kí wọ́n tó lè yí mílígíráàmù 1 naitírójìn padà.

Àwọn kan ní kí a máa tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹja sun oorun pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èéfín rẹ̀ ń pa odindi ìdílé. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń gba iná pamọ́, èyí tó ń tan fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, ó tó fún lítà 100. Fílítà fóòmù tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń tì ni mo fẹ́ràn jù níbí nítorí ìyẹn.

Fílítà oníkòkò tó dé pa, tó wà níta táǹkì, ó dára púpọ̀ ní ilé tí iná kì í lọ. Bó bá ti dúró fún wákàtí púpọ̀, omi inú rẹ̀ á ti bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kí iná dé kó sì tú u sórí ẹja. Ẹ yọ ọ́ kúrò níná, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, kí ẹ tó tan án padà.

Bí iná ò bá sí, ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Ẹja tó dàgbà kò ní kú nítorí pé kò jẹun fún ọjọ́ méjì.

* * *

ÈSÌ SÍ ÀBÚRÒ TÓ WÀ NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ti ìwọ ni òdìkejì tiwa. Omi Lọ́ńdọ̀nù le, ìyẹn ni pé kálíṣíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀ ẹfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, òun ló ń di funfun sára gíláàsì àti kẹ́tùlù rẹ. KH rẹ pọ̀, pH rẹ kò ní já. O ní ò ń gbé omi kalẹ̀ mọ́jú bí màmá rẹ ṣe ń ṣe é nílé kí chlorine, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ, lè fò lọ. Chlorine á fò lọ lóòótọ́. Àmọ́ chloramine ni wọ́n ń lò fún omi Lọ́ńdọ̀nù, amóníà ló so mọ́ chlorine nínú rẹ̀, kì í sì í fò lọ mọ́jú. Wá kẹ́míkà ìtọ́jú omi tí wọ́n kọ chloramine sí lára. Bí wọ́n bá kọ chlorine nìkan, ó lè já èyí tó so wọ́n pọ̀, kó wá fi amóníà sílẹ̀ fún ẹja rẹ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Manchester tó ní omi tòun kì í di funfun, ó tọ̀nà. Inú àwọn adágún òkè ní àríwá ni tiwọn ti ń wá, omi rírọ̀ ni. Kó ka ohun tí mo sọ nípa omi Èkó, ó bá tirẹ̀ mu ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ.

* * *

ÈSÌ LÓRÍ EWÉ FURÚÙTÙ ÀTI ẸJA ODÒ WA

Ẹnì kan béèrè bóyá ó dára láti fi ewé furúùtù gbígbẹ sínú táǹkì, torí pé àwọn ará Éṣíà ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ewé kan náà ni, ó ń já sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ níwájú ilé ẹ̀kọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ó ń pọ́n omi bíi tíì, ó sì ń mú ásíìdì díẹ̀ wá. Nínú omi KH púpọ̀ bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, àwọ̀ nìkan lẹ máa rí. Nínú omi KH 1, ó lè ti pH tó fẹ́ ṣubú ṣubú. Nítorí náà, ẹni tó ń sin góòdìfíṣì l'Ékòó, kó fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. A ń ra góòdìfíṣì àti ẹja adágún Málàwì tó fẹ́ omi líle, a wá ń bá omi wa jà kí ó lè le. Nígbà náà, ẹja tó wá láti odò gúúsù Nàìjíríà gan-an, Pelvicachromis pulcher, tí wọ́n ń pè ní krib lókè òkun, àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń sìn ín tipẹ́tipẹ́. Ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí osùn nígbà tó bá fẹ́ yé, òun àti akọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣọ́ ọmọ. Inú omi rírọ̀ tó kan díẹ̀ ló ti wá. Àwọn olùwádìí ti rí i pé pH omi ń kópa nínú iye akọ àti abo tó ń jáde nínú ẹyin rẹ̀: omi tó kan ń mú akọ pọ̀. Killifish, irú ẹja kékeré kan, náà wà, Fundulopanchax gardneri, ọmọ Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, àwọ̀ rẹ̀ ò kéré sí ti ẹja òkun. Ẹja tí omi bọ́họ̀lù wa ò ní yọ lẹ́nu púpọ̀ nìyẹn. Ewé furúùtù dára fún wọn. Mo fẹ́ rí wọn nínú sọ́ọ̀bù wa.

Kódà fún wọn, KH òdo kò dára, ẹ má ṣì mí gbọ́. Omi rírọ̀ tí à ń pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lodò jẹ́, odò kì í dúró lójú kan fún oṣù kan.

* * *

ÈSÌ LÓRÍ KÍÌTÌ

Ẹnì kan béèrè irú kíìtì tó yẹ ká rà. Onípépà pẹlẹbẹ tí a ń tì bọ omi yá, ó sì dín owó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wọn amóníà. Olómi tí a ń kán pé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó ò bá tó, ẹ ra ti KH àti ti amóníà ṣáájú, ẹ fi ti pH àti nitrate sílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀. Ti KH gan-an rọrùn: ẹ ó máa kán, ẹ ó máa ka iye ẹ̀kán títí àwọ̀ á fi yí padà. Ẹni tó bá ní olómi ti nitrate, kó gbọn ìgò kejì rẹ̀ kíkankíkan kó tó kán an, torí pé ohun inú rẹ̀ máa ń rì sísàlẹ̀. Bí ẹ ò bá gbọ̀n ọ́n, á ní nitrate ò sí níbi tó ti kún fọ́fọ́.

* * *

ẸNI TÓ BÉÈRÈ PADÀ WÁ

Mo ti ra kíìtì. Táǹkì: pH 6 (kò lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú kíìtì), KH ò tó 1, amóníà 8, nitrite òdo, nitrate 20. Omi bọ́họ̀lù tí mo fi afẹ́fẹ́ sí mọ́jú: pH 6.8, KH 2. Mo tún wọn omi ẹ̀gbọ́n bàbá mi nígbà tí mo lọ sílé: KH 7. Ẹja méjì péré ló wà nínú táǹkì ńlá wọn, ojúoró sì bo ìdajì ojú omi. Kí ni kí n ṣe báyìí?

* * *

ÈSÌ

Ẹ ṣeun, ẹ wo bí ìṣirò náà ṣe bára mu: omi yín wọlé pẹ̀lú KH 2, nitrate dé 20, KH tán, amóníà wá ń kó jọ.

Ti Abẹ́òkúta náà ti yé wa wàyí. Ẹja méjì nínú omi púpọ̀, KH 7 látinú kànga, ojúoró tó ń fi gbòǹgbò fa amóníà àti nitrate lójoojúmọ́. Àwa tí à ń kọ ọ́ lórin pé ojúoró ló ń lékè omi, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ lè bù díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ rẹ ẹ́ sínú garawa lọ́tọ̀ ná, kí ẹ yọ ìgbín àti kòkòrò ara rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó bo gbogbo ojú omi, torí afẹ́fẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá ra ẹja tuntun wá sínú táǹkì tí wọn kì í pààrọ̀ omi rẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó kú, ẹja tó ti wà níbẹ̀ ni omi náà mọ́ lára.

Lálẹ́ òní, ẹ má kán ohunkóhun sí i. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Ẹ fa lítà 15 jáde, ẹ da lítà 15 omi bọ́họ̀lù tó ti gba afẹ́fẹ́ mọ́jú sí i. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà lọ́tùn-únla, fún ọ̀sẹ̀ kan. pH á rọra gòkè, kò ní dé ibi tí amóníà ti máa ta wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, oúnjẹ bíńtín lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tó. Ẹ má fọwọ́ kan fóòmù.

Nígbà tí amóníà bá ti wọ ìsàlẹ̀ 1, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé KH. Bákìn sódà ilé ìdáná dára: gíráàmù 3 nínú lítà 100 ń fi 1 kún KH. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì, ẹ pò ó sínú omi kí ẹ tó dà á sí i, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí KH á fi dé 4. Kó má bàa jẹ́ pé inú páálí bákìn sódà lẹ ó máa gbé, ẹ wá òkúta bíi ti Ewékorò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, òkúta náà gan-an, kì í ṣe sìmẹ́ńtì, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dì í sínú àpò nẹ́ẹ̀tì sínú fílítà. Ìkarahun ìgbín tí ẹ sè tí ẹ fọ̀ dáadáa ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó kàn lọ́ra. Bí omi bá kan ni wọ́n ń yọ́, bí kò bá kan wọ́n á dákẹ́.

Láti ìgbà náà lọ, lítà 20 sí 25 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìgò kẹ́míkà agbé-pH-sókè yẹn, ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì.

* * *

ẸNI TÓ BÉÈRÈ

Bí nitrite bá yọjú ńkọ́? Ìgbà wo ni mo sì lè ra ẹja tuntun?

* * *

ÈSÌ

Ó lè yọjú bí àwọn kòkòrò bá ṣe ń jí padà. Ẹ̀jẹ̀ ni nitrite ń bá jà, kì í jẹ́ kó lè gbé ọ́síjìn, ẹja á máa mí gúlegúle nínú omi tí afẹ́fẹ́ wà. Iyọ̀ ló ń dí i lọ́nà: gíráàmù 10 nínú lítà 100 tó fún nitrite kékeré. Bó bá wọ 5 lọ sókè, ẹ pààrọ̀ omi ní àfikún.

Ẹja tuntun, ó di ìgbà tí amóníà àti nitrite bá ti jókòó lórí òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì, méjì méjì ni kí ẹ sì máa rà wọ́n. Bí ọ̀nà ìrìn wọn bá jìn, ìṣòro yín ti tẹ́lẹ̀ tún wà nínú ọ̀rá tí wọ́n dì wọ́n sí. Ẹja ti mí sínú rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, omi rẹ̀ ti kan, amóníà ti kó jọ. Bí ẹ bá ṣí ọ̀rá, kábọ́ọ̀nù dàyọ́ọ́sáìdì á fò lọ, pH á gòkè, amóníà á di oró nínú omi ọ̀rá náà. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rá dídì léfòó sójú omi kí ooru wọn lè bára mu. Tí ẹ bá wá ṣí i, ẹ má jókòó máa kán omi sí i fún wákàtí kan gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe máa ń sọ. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì gbé ẹja sínú táǹkì, kí ẹ sì da omi ọ̀rá síta.